Bí Fìjàbí Ṣe Fi Ìtàn Ewúrẹ́ Ṣẹ́gun Ìpàdé Òbí

Fìjàbí! Ọmọ baba tó ń bá gbogbo àdúgbò kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn ní ìdálẹ̀, ọmọ ìyá tó ń ka Sáàmù sétí adìẹ títí adìẹ fi ń tòògbé! Tíṣà kíláàsì kẹrin, ìrókò tó wọ ṣòkòtò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹfọ̀n tó ń fi ṣọ́ọ̀kì jagun, mo kí ọ, mo tún ọ kí!

Ogun àkàyé ló jà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kì í kàwé mọ́: wọ́n á wo ìbéèrè, wọ́n á wá ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ nínú àkàyé, wọ́n á da gbogbo ìlà náà kọ, wọ́n á sì gba máàkì. Ni akọni bá ru bí ìjì! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ ìtàn mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò lè dáhùn ìbéèrè rẹ̀ láìkà á, ó tẹ ogójì ẹ̀dà ìwé wọn, ó fi abẹ́rẹ́ gán wọn pọ̀ bí ẹni ń rán ẹ̀wù ogun.

Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Kúforíjì, ọ̀gá àgbà, ti pàṣẹ: bí ó kéré tán ẹ̀dà kan ṣoṣo ò bá tà níbi ìpàdé òbí ká tó ṣe àdúrà oore-ọ̀fẹ́ ìparí, ẹlẹ́pà ni yóò fi gbogbo rẹ̀ di ẹ̀pà.

Ìpàdé ń parí lọ, kò sẹ́ni tó wo tábìlì akọni, àfi Ìyá Àbẹ̀ní, télọ̀ tí kì í rajà láìbú ẹni tó ń tà á.

"Tíṣà, ìdáhùn dà? Ìwé yìí ò pé!"

"Ẹ kà á ná, mà."

Ó ka ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ ìwé orin ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Ìkórè, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ìbéèrè kan ló dá a dúró: ta ló ni ewúrẹ́ náà?

"Ìyàwó díákónì ni!"

Bàbá Rántí, bíríkìlà tó jókòó tì í, yọjú wò ó. "Irọ́! Ìtàn náà ní díákónì ò sin ẹran. Ẹ padà sókè ojú ìwé, Ìyá Àbẹ̀ní."

"Ẹ gbórí yín kúrò níbí! Ẹ lọ ra tiyín!" Ó sanwó, ó há ìwé mọ́ abíyá.

Ìyáàfin Kúforíjì, tó ti gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn náà, ti nawọ́ fún oore-ọ̀fẹ́, ló bá tẹ̀ sétí akọni: "Tíṣà, ta ló tiẹ̀ ni ewúrẹ́ yẹn?"

Fìjàbí, tí kò sọ pé rárá fún un rí láti ọdún mọ́kànlá, na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán bí òpó ààfin.

"Ẹ kà á, mà."

Ni ọ̀gá àgbà bá ra ọ̀kan!

Kí òkè gbọ́, kí ilẹ̀ gbọ́: ẹ̀dà méjì ti lọ! Méjìdínlógójì péré ló kù. Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú àṣírí ẹni tó ni ewúrẹ́ náà títí wọn yóò fi tà tán. Àmín.