Overbeck Lórí Àga Onígbàjámọ̀

Ọjọ́ karùn-ún rèé lórí òkun. Bí ọkọ̀ àwa Jámánì bá dé New York lọ́la kó tó di ọ̀sán, ó ta ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ nínú eré sísá nìyẹn. Overbeck, ẹnjinníà tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, jókòó sórí àga Harms onígbàjámọ̀, ní ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún, lókè àjẹ̀ irin tó ń tì í lọ. Ọṣẹ bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Fá a kó dán, Harms. Àwọn akọ̀ròyìn máa ya fọ́tò mi lọ́la."

"Ó máa dán, ọ̀gá. Ẹ ní sùúrù kó gbọ̀n tán."

"Kí ló ń gbọ̀n?"

"Ọkọ̀ ni."

"Ọkọ̀ mi kì í gbọ̀n."

Ìgò ìpara kan fò kúrò lórí pẹpẹ. Harms ò tiẹ̀ wò ó. Ó fi ọwọ́ òsì hán an.

"Kò gbọ̀n, ọ̀gá. Lánàá, ọbẹ̀ dà sára igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ogbó ló ń gbọn ọwọ́ gbogbo wọn."

"Ìgbì ni."

"Lánàá kẹ̀? Òkun dúró bí omi inú ìkòkò."

"Àbí o fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì borí wa ni?"

"Ká má rí i! Àna mi kan ń fá irùngbọ̀n lọ́kọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan. Ó ní àwọn máa ń pẹ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n etí àwọn èrò máa ń pé."

Harms fá a lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún fá, ó tún dúró, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún fi mọ́.

"Ó ku ọ̀fun àti apá òsì. Ẹ ránṣẹ́ sáwọn tó ń koná nísàlẹ̀ kí wọ́n rọra díẹ̀. Ìdajì wákàtí péré."

"Ìdajì wákàtí! Òun náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi nà wá lọ́dún tó kọjá!"

"Ó dáa. Bí kò bá kúkú gbọ̀n, kí ni mò ń dúró dè? Ẹ gbé àgbọ̀n sókè."

Ó gbé abẹ lé ọ̀fun. Irin kígbe nísàlẹ̀, pátákó mì. Overbeck di apá àga mú, kò mí.

"Harms."

"Ọ̀gá."

"Gbé e kúrò."

"Kí ló dé? Ọkọ̀ tiyín ni o."

"Torí pé tèmi ni!"

Ó dìde, ó nu ọṣẹ.

"Fọ́tò ọ̀la ńkọ́, ọ̀gá? Apá kan ṣoṣo ló mọ́."

Overbeck dé fìlà rẹ̀.

"Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ya ọkọ̀ níwájú rí? Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń yà."