Àmín Tí Wọn Ò Kọ Fún Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láé, ọjọ́ tí èmi awakọ̀ tírélà di ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó ní Àpápá. Ọkọ̀ mi wà lórí ìlà lọ́nà èbúté Tin Can, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Ni mo bá gbọ́ pé wọ́n ń ya fíìmù nínú ilé àtijọ́ kan ní GRA, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọkọ̀ mi, mo sáré lọ.

Fíìmù ìgbà ìjọba òyìnbó ni. Ife fàdákà tí wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa ló sọnù nílé ọ̀gá òyìnbó, wọ́n sì fura sí Àdùkẹ́, ọmọbìnrin tó ń fọṣọ fún wọn. Òyìnbó ní kò gbọdọ̀ gbàdúrà lójú òun, pé Ọlọ́run òun kì í gbọ́ Yorùbá. Ìbéèrè méjì ló wà nínú fíìmù ọ̀hún: ta ló jí ife, àdúrà ta ni Ọlọ́run sì ń gbọ́?

Iṣẹ́ tèmi ò le rárá. Kí n gbé tíì dání, kí n panu mọ́. Ṣòkòtò péńpé tí wọ́n wọ̀ fún mi há mọ́ mi débi pé mímí gan-an dogbọ́n.

Àdùkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, “Olúwa, bí wọn ò bá gbà mí gbọ́, ìwọ mọ̀ mí.” Ẹnu mi ti sọ “Àmín” kí n tó mọ̀. Olùdarí wọn, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ní kí wọ́n tún un yà. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo rọra sọ ọ́ sínú, àmọ́ kámẹ́rà rí ẹnu mi tó ń lọ, wọ́n tún ní ká tún un yà. Oòrùn ti ń lọ, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n sì gba ilé náà mọ. Ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ tó ń ṣe Àdùkẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún un ní ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn. Ó ní, “Abẹ́g, bọ̀ọ̀dá, ẹ má bà á jẹ́ fún mi.” Mo ṣèlérí fún un.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ yìí sunkún, ẹkún gidi. Mo kúnlẹ̀ tì í, tíì dà nù, ṣòkòtò ya fàà, mo sì ké, “Àmín! Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ!” Mo ti ń wá ọ̀nà àbájáde.

Olùdarí wo ohun tí wọ́n yà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe mọ́, ohun tóun ti ń wá láti àárọ̀ nìyẹn. Ó bi mí bóyá ọmọ ìjọ ni mí. Mo ní, “Mùsùlùmí ni mí, mà. Àdúrà ni mo ṣáà gbọ́.”

Nígbà tí wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Ajégúnlẹ̀, tí a rí i pé ìyàwó òyìnbó fúnra rẹ̀ ló gbé ife pamọ́, gbogbo èèyàn dìde fún ọmọ tó ṣe Àdùkẹ́. Wọ́n ti pè é sí fíìmù méjì míì báyìí. Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé àdúrà kì í ṣe ohun tí mo lè dúró wò lásán. Ká ní mo tètè mọ̀, ǹ bá ti wọ ṣòkòtò tó gbà mí. Ìyàwó mi, tó bá mi lọ wò ó, ló kọ́kọ́ rí ibi tí ṣòkòtò mi ti ya nínú fíìmù, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ń tì mí díẹ̀.