Ẹ Fẹsẹ̀ Kan Fò, Kóòṣì

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀gbẹ́ni kan hàn yín. Gilbert Ṣóyẹmí ni, tíṣà eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi lọ kọ́ nípa eré sísá ní Ìbàdàn, ló bá padà dé, ó ní a ò gbọdọ̀ pe òun ní Tíṣà mọ́. Kóòṣì Àgbà ni ká máa pe òun. Èmi tí mo ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì, tí tábìlì mi kọjú sí tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbàgbé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló fọn fèrè sí mi létí.

Fèrè yẹn! Ó ń gbé e kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Edith ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé ó ń gbé e kọ́rùn sùn. Kóòṣì Àgbà, ọkọ fèrè, asáré-má-làágùn, dókítà tí ò wọ ọsibítù rí! Bí ọmọ bá fara pa, kì í rán an sí nọ́ọ̀sì. Á di ojú rẹ̀ méjèèjì, á gbọ́wọ́ lé ọmọ náà lórúnkún, á ní, "Kò síbi tó ń dùn ọ́. Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́." Oògùn rẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ: kí aláìsàn tún sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tún kọ́ wọn lórin tí wọ́n ń kọ bí wọ́n ti ń sá a: "Ọ̀lẹ, dìde! Ọ̀lẹ, sáré! Eegun ọ̀lẹ ló ń dùn ún!"

Ràmọ́tà, ọmọ kíláàsì kẹrin, ló gbójú lé. Ọmọ náà yára bí ìjì. Bó bá gba ipò kìíní níbi ìdíje ìpínlẹ̀ lóṣù kọkànlá, àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ní Abẹ́òkúta yóò mú Kóòṣì lọ sí ọ́fíìsì ńlá. Ó ti ra báàgì tí yóò gbé dání. Nítorí náà, láti oṣù kìíní, ó sọ máìlì méjì tí ọmọ náà ń sá lójúmọ́ di mẹ́fà, lórí títì ọlọ́dà tó lọ sí Ìmùṣin, nínú bàtà kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán.

Kí oṣù kejì tó parí, Ràmọ́tà ti ń tiro.

"Níbo lo ní ó ń dùn ọ́?" ni Kóòṣì bi í.

"Ìsàlẹ̀ ìbàdí, sà, lójú itan. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, ó ń ta mí wọnú eegun."

"Ọ̀lẹ!"

Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹní, kò gba oògùn yẹn. Ó mú un lọ sí ọsibítù, lọ́dọ̀ Sísítà Matilda tó ń tọ́jú eegun àti iṣan. Sísítà ò di ojú. Ó béèrè máìlì tó ń sá, ohun tó ń jẹ, àti bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé. Lẹ́yìn náà, ó ní kó fẹsẹ̀ kan fò bí ẹni ń ta súwè. Ràmọ́tà fò lẹ́ẹ̀kan, ó figbe ta.

"Mo rò pé eegun ìbàdí rẹ̀ ti sán," ni Sísítà wí. "Kò tíì dá o, ó kàn sán bí àwo ni. Bó bá ń sáré lórí rẹ̀, á dá, ó sì lè má sáré mọ́ láyé. Ọ̀pá méjì ni kó máa fi rìn, kó sinmi, kó máa mu wàrà, kó máa jẹ ẹja."

Wọ́n ya fọ́tò eegun náà, fọ́tò ò fi nǹkan kan hàn. Sísítà ní irú sísán bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn, kí wọ́n padà wá yà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Kóòṣì ti gba fọ́tò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé yàrá àwa tíṣà kí oòrùn lè là á kọjá.

"Ẹ wo eegun tó mọ́ tónítóní! Sísítà wo ló mọ eegun jù mí lọ? Èmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, màá máa sá máìlì mẹ́fà yẹn lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ eré ọdọọdún wa. Lọ́jọ́ náà, Ràmọ́tà gbọ́dọ̀ sáré. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára àwọn tó ń lọ ìdíje ìpínlẹ̀."

Àánú ọmọ náà ṣe mí. Bó bá sáré, eegun á dá. Bó bá jókòó, orúkọ á pa rẹ́. Inú bí mi gan-an, àmọ́ máàpù ni mo tẹjú mọ́, torí fèrè yẹn ò jìnnà sí etí mi.

Kóòṣì sá a lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó ń juwọ́ sí àwọn ará Ìmùṣin. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò juwọ́ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ gun àtẹ̀gùn bí alákàn, ó sì ń fi ìdí ẹyọ kan jókòó. Mo bi í léèrè. Ó ní bí wọ́n ṣe ń jókòó ní Ìbàdàn nìyẹn.

Ọjọ́ eré pé. Àwọn òbí kún pápá. Sísítà Matilda jókòó ti Ìyá Ràmọ́tà, àpòòwé ńlá kan wà lórí itan rẹ̀. Kó tó kan eré àwọn ọmọbìnrin, Kóòṣì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó na fọ́tò rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ wo eegun ọmọ tó ní òun ò lè sáré! Sísítà kan ní ẹni tí ìbàdí rẹ̀ bá sán ò lè fẹsẹ̀ kan fò. Ó dáa. Ràmọ́tà, ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀, fò!"

Ìyá Ràmọ́tà dìde. "Ọmọ mi éè ṣọ̀lẹ. Tíṣà, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ fò, kó rí bí wọ́n ṣe ń fò ó."

"Èmi? Ìyẹn ò tó nǹkan!"

"Ẹ fò! Ẹ fò!" ni gbogbo pápá ń wí.

Kóòṣì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ó fò. Bó ti balẹ̀ báyìí, "Yéè! Ìbàdí mi o!" Ẹ̀rọ náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ dé Ìjagun. Ṣẹ́ẹ̀tì èmi tí mo dúró tì í ló dì mú kó má baà ṣubú. Bọ́tìnnì mẹ́ta já.

Sísítà sáré dé, ó kúnlẹ̀ tì í. "Níbo ló ń dùn yín, sà?"

"Ìsàlẹ̀ ìbàdí, lójú itan. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, ó ń ta mí wọnú eegun."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí Ràmọ́tà ò tíì sọ fún un. Sísítà fa fọ́tò kejì, èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, yọ nínú àpòòwé, ó fi han Ìyáàfin Helen Mọ́ṣádé, ọ̀gá wa àgbà. Ìlà tín-ín-rín kan hàn lára eegun ìbàdí ọmọ náà, kò sẹ́ni tí ò rí i.

"Ṣé á lè lọ ìdíje lóṣù kọkànlá?" ni ọ̀gá béèrè.

"Bó bá sinmi dáadáa, tó sì rọra bẹ̀rẹ̀ lórí koríko, á lọ, mà."

Ọ̀gá fa ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ ìdíje yọ nínú àpò Kóòṣì, ó fi sínú báàgì tirẹ̀. "Orúkọ Ràmọ́tà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa pa á rẹ́."

"Sísítà," ni Kóòṣì ń ké pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ ya fọ́tò tèmi náà."

"A ó yà á, sà. Ṣùgbọ́n bí ti àkọ́kọ́ ò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé."

Ìyá Ràmọ́tà fọwọ́ lé ìbàdí. "Yèsí ni ọ̀lẹ báyìí?"

Àfi bí àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù wáànù ṣe gbé orin: "Ọ̀lẹ, dìde! Ọ̀lẹ, sáré!" Àwọn òbí náà gbè é. Ràmọ́tà nìkan ni kò kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Sísítà ti sọ fún un pé ó lè máa rọra rìn láìlo ọ̀pá. Ó gbé ọ̀pá méjèèjì fún Kóòṣì.

"Ọ̀pá lẹ ó kọ́kọ́ gbé síwájú, Tíṣà, kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀."

"Kóòṣì," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ rọra, Tíṣà."

Ó gbé ọ̀pá, ó gbẹ́sẹ̀. Fèrè ń mì lọ́rùn rẹ̀, gbogbo pápá ń kọrin tó fẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn, kò sì sí bó ṣe lè yára kúrò níbẹ̀.