Aláìlókùn ní Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin

Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Màmá tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, táípíìsì tó ti fẹ̀yìntì, ti di báàgì rẹ̀ láti àárọ̀. Dókítà ní òun máa buwọ́ lùwé kó máa lọ sílé, bí ẹ̀rọ bá ti fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Aago méjìlá ni dókítà ń lọ, ó di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà wá ló ń wọlé yìí, káàdì lọ́rùn, kọ̀ǹpútà lábíyá. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Aláìlókùn ni.”

“Ta ni aláìlókun?”

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Gbogbo bẹ́ẹ̀dì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la ti sọ di aláìlókùn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Èmi tí mo dá lọ wẹ̀ láàárọ̀? Tí mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tí mo tún tẹ́ ti ẹni ẹ̀gbẹ́ mi? Okun tó kù lẹ́sẹ̀ mi tó lé ọ dé ẹnu ọ̀nà.”

“Okùn ni mo wí, Màmá. Wáyà. Kò ní wáyà.” Ó tọ́ka sí ohun róbótó kan tó lẹ̀ mọ́ àyà Màmá, bíi bọ́tìnnì kóòtù. “Ìyẹn ló ń gbọ́ ọkàn yín. Ó ń gba inú afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì.”

“Ní gbangba báyẹn? Kí gbogbo ayé máa gbọ́?”

“Rárá o. A máa ń dà á rú kó tó gbéra. Olè pọ̀ níta. Wọ́n lè jókòó sínú mọ́tò lẹ́yìn ọgbà yìí, kí wọ́n jí ọkàn yín lọ.”

“Ọkàn ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin?” Màmá tún ìborí rẹ̀ ṣe. “Mọ́tò wo?”

Ọ̀gá Ẹ̀rọ kò rẹ́rìn-ín. Ààbò kì í ṣe ohun ẹ̀rín lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà sórí itan.

“Ọ̀rọ̀ aṣínà ló wà ńbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò lè rí nǹkan kan.”

“Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n?”

“Nọ́ọ̀sì kẹ̀? Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jù.”

“Dókítà ńkọ́?”

“Ibikíbi tó bá rí ló ń kọ nǹkan sí. Kódà sára páálí oògùn.”

“Ta ló wá ń wo ọkàn mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Kò sẹ́ni kankan.” Ó na ọrùn sókè. “Ẹ ò rí bí ààbò ẹ̀ ṣe le tó?”

“Àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ ‘Ó dára’ sínú ìwé mi láràárọ̀.”

“Ó dára náà ni. Olè kankan ò wọlé.”

Màmá wo aago ògiri. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

“Ọkọ mi nìkan ló wà nílé. Iyọ̀ ló dà sí tíì lánàá. Ìkòkò méjì ló ti jóná. Ó ku ẹyọ kan, mo sì fẹ́ bá a láyé. Ṣí nǹkan yẹn.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà han. Màmá kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìka ló ń wò. Ọdún márùndínlógójì nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

“Kò gbà,” ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. “Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Tí kò bá gbà lẹ́ẹ̀kẹta, ó tì nìyẹn, ó di ọjọ́ Ajé.”

“Ọ̀rọ̀ wo ni?”

“Àṣírí ni. Yorùbá ni, tòun tàmì orí ẹ̀. Àmì yẹn gan-an ló máa dá olè dúró. Ẹni tó bá fi í síbi tí kò yẹ…”

“Á dúró síta.”

“Á dúró síta.”

“Bíi tìrẹ.”

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún han. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. “Ti ilẹ̀kùn ni mo tẹ̀ yẹn,” ó ń kùn sínú.

“Ìkíní, okun lo tẹ̀, kò lámì kankan. Agbára nìyẹn. Ìkejì, o gbé àmì lé lẹ́tà àkọ́kọ́. Òkun. Omi iyọ̀.”

Ọ̀gá Ẹ̀rọ fi ọwọ́ méjèèjì bo kọ̀ǹpútà. “Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ mọ ìyẹn.”

“Okùn ló kù. Ohùn ìsàlẹ̀ ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ̀rọ aláìlókùn, okùn lo wá fi tì í?”

“Olè wo ló máa ronú débẹ̀?”

“Ìwọ gan-an ò ronú débẹ̀.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Bẹ́ẹ̀dì kìíní, ọkàn ń lọ. Ìkejì, ó ń lọ. Ìkẹta. Nígbà tó dé ìkẹrin, Ọ̀gá Ẹ̀rọ sún ojú mọ́ kọ̀ǹpútà.

“Kí ló wí?”

“Òdo ni. Ó ní… ó ní ẹ ti kú, Màmá.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀.”

“Ìgbà tí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi gẹ́lẹ́.” Màmá já bọ́tìnnì náà kúrò láyà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Etí rẹ̀ lẹ̀, àmọ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣì bo àárín rẹ̀. “O ò bó ọ̀rá ẹ̀.”

“Ọ̀rá yẹn ń dáàbò bò ó ni.” Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. “Màmá, bí dókítà bá rí òdo ọjọ́ mẹ́rin, iṣẹ́ mi ti lọ.”

“Bí kò bá sì rí nǹkan kan, ìkòkò mi ti lọ. Lọ pè é. Kó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ mi, kó máa wo aago. Kò ní wáyà. Kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọ̀rá ò sì sí níbẹ̀.”

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọ̀gá Ẹ̀rọ sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ti tì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí kékeré onílẹ́tà tó ń ṣí i sára ògiri ibẹ̀. Ó na ìka sí i. Ìka dúró lókè. Ìka ò sọ̀ kalẹ̀.

“Òkun ni,” ni Màmá wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Èyí tó ní ẹja.”

Ọ̀gá Ẹ̀rọ yíjú padà, inú ń bí i. “Màmá, ta ló tú àṣírí ilẹ̀kùn fún yín?”

“Àwọn nọ́ọ̀sì ni. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n á fi àmì sí. Èmi òkú yìí ni mo ń ṣí i fún wọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”