Láníyọnu Gun Igi Máńgòrò Nítorí Rìmóòtù Àna Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé, ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i? Ẹ rò pé ọgbọ́n ló bí i. Ọgbọ́n kọ́. Àga ni.

Bàbá Ọ̀jẹ́làbí ti ìlú Òkè-Ìgbìn fẹ́ràn ìjàkadì orí amóhùnmáwòrán. Rìmóòtù rẹ̀ sọnù. Láti ìgbà náà, bí ìjà bá ti gbóná, tí Bàbá náà ń ta ìpá lórí àga, ìkànnì yóò ṣàdédé yí, ìpolówó ọṣẹ ni yóò já lu ojú rẹ̀.

Ó ní, “Olè tó jí i ló lúgọ síbì kan, tó ń fi í fi mí ṣẹ̀sín.”

Láníyọnu, atúnrédíòṣe, ti ń tọrọ Ìbídùnní, ọmọ Bàbá, láti ọdún méjì. Bàbá pè é. “Wá olè yìí fún mi, kí o mú ìyàwó rẹ lọ. Bí o kò bá rí i, má tún tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́.”

Láníyọnu mọ̀ pé iná tí ojú ẹ̀dá kì í rí ni rìmóòtù fi ń ránṣẹ́. Ó yọ ojú dúdú bíńtín kan, tí í rí irú iná bẹ́ẹ̀, lára ẹ̀rọ fídíò tó ti kú. Ó fi òjé jó o mọ́ bátìrì àti gílóòbù pupa tí kò ju ẹyọ erèé lọ. Ó tẹ rìmóòtù tirẹ̀ sí i, gílóòbù ṣẹ́jú. Ó fò sókè.

Ní ilé àna, ó na ẹ̀rọ náà sí fèrèsé: kò ṣẹ́jú. Ó nà án sí ilé aládùúgbò: ó dákẹ́. Ó yí i sí ọ̀dọ̀ Bàbá, Bàbá sún ìdí: gílóòbù ṣẹ́jú, ìpolówó ọṣẹ dé.

Ìbídùnní sọ ọ́ sí i létí pé, “Ẹ pa ẹnu mọ́ o! Ta ní í sọ fún àna rẹ̀ pé kó gbé ìdí?”

Bàbá bojú jẹ́. “Kí ló dé tí ó ń ṣẹ́jú sí mi? Ṣé èmi ni olè?”

“Rárá o, Bàbá! Ó ń kí yín ni.”

“Kí ó lọ kí olè! Gun igi máńgòrò yẹn, kí o yẹ gbogbo àdúgbò wò!”

Ta ní í kọ àṣẹ àna? Láníyọnu gùn ún dé ṣóńṣó. Oòrùn, tí irú iná àìrí yẹn kún inú rẹ̀, kọjú sí ẹ̀rọ, gílóòbù tàn, kò kú mọ́.

“O ti rí i?” Bàbá kígbe láti orí àga rẹ̀ lójú fèrèsé.

“Bàbá, oòrùn ló ń tọ́ka sí.”

“Oòrùn ló jí rìmóòtù mi?”

Ibẹ̀ ni ẹ̀ka ti dá. Gbàgà! Láníyọnu bá ara rẹ̀ láàárín ilé adìẹ. Ẹ̀rù ba Bàbá, ó ta gìrì dìde, fóòmù àga bá aṣọ rẹ̀ dìde, rìmóòtù sì já bọ́ sílẹ̀, pó!

Bàbá wo rìmóòtù, ó wo Láníyọnu tí ìyẹ́ adìẹ bo orí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín, ìyàwó ti lọ nìyẹn.

Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìgbẹ́ adìẹ. “Bàbá, ojú yín mà ríran o! Èmi gun orí igi, n kò rí i. Ẹ̀yin jókòó, ẹ rí i.”

Bàbá wú ikọ́. “Mo ti rí i tipẹ́. Mo kàn ń dán ọ wò ni.”

Ìbídùnní sáré wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín. Oṣù yẹn kò tán tí ó fi di ìyàwó. Nítorí náà, bí àgbà bá sọ ọ́ fún yín, ẹ má jiyàn, ẹ má sì wo abẹ́ àga rẹ̀: ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.