Káfíńtà Tí Kò Fẹ́ Kúrò Lórí Bẹ́ẹ̀dì Ọsibítù

Ẹ wá wo Káfíńtà lórí bẹ́ẹ̀dì! Ayé-ń-kí-mi-n-ò-ní-san! Ọkọ mílíìkì! Ó to ìrọ̀rí sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ bí ọba tó ń retí ìwúrí.

Ìpá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún un, ojú ọgbẹ́ sì ti jiná, ó ti dàpá. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ lọ ṣe nílé? Ta ní í kí i nílé? Ní ọsibítù, ẹgbẹ́ káfíńtà ń wọ́ wá bí èèrà, tòun tọsàn, tòun ti mílíìkì àti bisikíìtì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀gbẹ́ni ti di ṣọ́ọ̀bù.

Ìyàwó rẹ̀ lojú ń rí màbo. Orí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn. Tó bá sì ń lọ pọnmi, àfi kó yà fún ìyá àgbà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó ń gbọ̀n lórí bẹ́ńṣì lọ́dẹ̀dẹ̀ nítorí pé kò sí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó mi, ṣé ẹ ti ń lọ lónìí?" ni ìyá àgbà á bi í.

Ìtìjú á gbá a mú.

"Ọkọ mi," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, "ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìyá yẹn lè kú sórí bẹ́ńṣì."

"Ṣé èmi ni mo bí i ni? Alága ẹgbẹ́ ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, odidi adìẹ díndín ló ń gbé bọ̀. Ṣé kó wá kí ìrọ̀rí ni?"

Ni dókítà bá wọlé. "Bàbá, ara yín ti yá. Ẹ máa lọ sílé."

"Háà, dókítà! Ẹsẹ̀ mi ti kú!"

Dókítà já a léèékánná lẹ́sẹ̀. Kò mira. Irọ́ kúkú dà bí ọbẹ̀, ẹni tó bá bu iyọ̀ jù ni yóò fẹnu gbà á. Káfíńtà tún bù sí i: "Oúnjẹ pàápàá ò gba ọ̀fun mi mọ́."

Ojú dókítà fà ro. "Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá kékeré. Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan ò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn. Ẹ fa omi sí wọn lára, ká máa wò wọ́n."

Nígbà tí Alága fi dé lọ́sàn-án, tòun tèrò, ebi ti ń pa Káfíńtà. Òórùn adìẹ gba gbogbo yàrá.

"Wọn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ti kú, oúnjẹ ò sì gba ọ̀fun àwọn mọ́."

Ìyàwó wo ọkọ, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dìde. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣeun. Kó má baà ṣòfò, ẹ jẹ́ n pín in fáwọn aláìsàn tó kù."

Ó fa itan kan ya fún ẹni tó wà nítòsí. Káfíńtà kérora.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Alága wí. "Ìrora ti dé."

Ó mú itan kejì, ó dorí kọ ìyá àgbà lórí bẹ́ńṣì.

Ẹsẹ̀ tó kú bá fò sókè! Omi já, irin tí wọ́n gbé omi kọ́ ṣubú gbàà, ẹ̀yìn aṣọ ọsibítù ṣí yàà, Káfíńtà la àárín ẹgbẹ́ kọjá bí ọ̀yà. Ẹnu ọ̀nà ló ti já itan gbà, ó sì ki ehín bọ̀ ọ́.

"Adìẹ mi! Obìnrin burúkú!"

Gbogbo ẹgbẹ́ yíjú sí i.

"Ẹ ò rí nǹkan," ni Alága wí. "Òkú ẹsẹ̀ ti jí. Ọ̀fun náà ti là!"

Ẹ̀rín bú! Kí Káfíńtà tó gbé èyí tó jẹ mì, nọ́ọ̀sì ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti gbé ìyá àgbà sí i. Ẹgbẹ́ kó mílíìkì wọn padà.

Ìyá na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ìyàwó mi, ta ni bàbá tí ìdí rẹ̀ wà níta yẹn?"

Ìyàwó bò ó láṣọ. "Mi ò mọ̀ wọ́n rí o, Mà."