Kábíyèsí Ẹnubodè Ń Fẹ́ Ìkíni

Ẹ báà kọ́lé fún Kábíyèsí Ẹnubodè, ẹ báà ra mọ́tò fún un, bí ẹ ò bá kí i, ẹ ò tí ì ṣe nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ kan kí i lórí ìdúró lọ́jọ́ kan, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi dá ọmọ náà lóhùn. Bó bá wẹ̀ tán, ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ kú ìwẹ̀, olówó orí mi."

Kì í ṣe ọba o, ìnagijẹ lásán ni. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Lẹ́nu tirẹ̀, "olùtún-ayé-ọ̀dọ́-ṣe" ni. Lẹ́nu àwa tá a mọ̀ ọ́n, ọmọ ọlọ́mọ ló ń tà. A-kóni-lọ-má-kóni-bọ̀! A-rẹ́rìn-ín-síyàá-tọmọ-rẹ̀! Yóò ní iṣẹ́ gidi wà lókè òkun. Ẹni tó bá débẹ̀, wọ́n á tì í mọ́lé, ó di ẹrú nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kó ọmọbìnrin mẹ́fà sínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aránṣọ. Kábíyèsí gba fóònù gbogbo wọn sínú báàgì rẹ̀, "kó má baà sọnù." Ó wá kìlọ̀ fún wọn.

"Tẹ́ ẹ bá dé bodè, ẹ ò mọ̀ mí rí. Ẹ má wò mí, ẹ má kí mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, èmi ni mò ń bọ́ wọn. Ṣó yé yín?"

"Ó yé wa, Dádì."

Lójú ọ̀nà, fóònù tirẹ̀ dún. "Ẹrù ń bọ̀ o," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mẹ́fà ni. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Aránṣọ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ wo inú bọ́ọ̀sì yíká. Kò rí ẹrù kankan. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìkan ló rí. Ẹ̀rù bà á. Ta ni yóò ké sí ní bodè, nígbà tí kò mọ òṣìṣẹ́ tó ń jẹun lọ́wọ́ bàbá yìí? Ó ronú títí, ó wá fẹnu sétí ẹnì kejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yí bọ́ọ̀sì ká.

"Ohun tó ní ká ṣe gan-an la máa ṣe," ló wí. "Àmọ́ a máa ṣe é dáadáa."

Gbọ̀ngàn bodè kún fọ́fọ́. Kábíyèsí ti jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Aránṣọ wọlé, ó kúnlẹ̀ fún ìyá tó ń gbálẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó kúnlẹ̀ fún bàbá kan tó ń hanrun: "Ẹ kú oorun, sà." Ó fo Kábíyèsí. Èkejì náà fò ó. Ẹ̀kẹta tilẹ̀ kí àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kábíyèsí gbé e mì. Ó tún gbé e mì. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti ń yọ. Ìgbà tí ẹ̀kẹfà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin náà ní: "Ìwọ, sún ẹsẹ̀ ẹ."

"Ìwọ!" Kábíyèsí fò sókè. "Ta lò ń pè ní ìwọ? Ẹ kúnlẹ̀ kí mi, gbogbo yín!"

Ọ̀gá obìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bodè dìde nídìí tábìlì. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Rárá o, mà," ni aránṣọ yára dáhùn. "A ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ẹ ò mọ̀ mí kẹ̀? Fóònù yín tó wà nínú báàgì mi ńkọ́? Ọ̀gá tí mò ń kó yín lọ tà fún ńkọ́? Ẹrù mi lẹ jẹ́!"

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń wá aláǹgbá. Àfi bí fóònù kan ṣe dún nínú báàgì. "Tèmi nìyẹn," ni aránṣọ wí. Ọ̀gá obìnrin náà yọ ọ́, ó nà án sí i.

"Màámi," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mò ń bọ̀ nílé."

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Kábíyèsí, wọ́n ní kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò síwájú rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, sà!"

Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu wọn, títí kan bàbá tó ń hanrun: "Ẹ kú ìjókòó o, sà!"

Inú Kábíyèsí dùn kó tó rántí ibi tó wà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún láti fi dá wọn lóhùn, ọwọ́ òsì bá a lọ.